Ọmọ Tí Mo Bí Láti Jù

Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi, ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró díẹ̀, kí n rọ́ ohun tí oorun àná fojú mi rí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ kóòdù áàpù táwọn aboyún fi ń pe nọ́ọ̀sì. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, àfi kí kóòdù mi hán an, kí áàpù má baà kú mọ́ aboyún lọ́wọ́. Bí mo ṣe máa fọwọ́ ara mi ju ìjàǹbá kan sí i láti dán an wò ni mò ń rò tí mo fi sùn lọ.

Ni mo bá bá ara mi nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó lójú òfúrufú. Kò yà mí lẹ́nu, mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ta àwọ̀n kan sábẹ́ fèrèsé, èmi ni mo sì hun ún. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Ju Ìjàǹbá sínú ẹ̀ ká rí i. Mi ò fẹ́ ọmọ ẹ̀ kankan o. Bàbá wọn gan-an ni kó o jù."

Mo wá bàbá náà dé ilé. Fìlà rẹ̀ nìkan ló wà lórí àga. Mo kúnlẹ̀ kí fìlà.

"Dìde, ọmọ mi," ni fìlà wí. "Orúkọ lásán ni mí, mi ò lára. Àwọn ọmọ mi ló lára: Iná-lọ, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì-já. Wọ́n sì ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin ará Nàìjíríà kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Bàbá, kí ni kí n wá jù?"

"Bí ọ̀kan fún mi níbi tó o kúnlẹ̀ sí. Àwọ̀n tó bá hán ọmọ mi, èmi ló hán."

Mo bí i láìrọbí. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo gbé e padà dé, ọ̀gá ti di òbúkọ, ó ń jẹ aṣọ fèrèsé.

"Jù ú," ó wí tòun ti aṣọ lẹ́nu.

Ọmọ náà ní, "Ìyá mi, kí lorúkọ mi?"

Mo ní kò lórúkọ, ẹ̀ẹ̀kan péré la fẹ́ lò ó.

"Ṣé àwọ̀n yẹn á hán mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ sọ̀yà lórí kóòdù mi, ṣùgbọ́n n kò fi ọmọ dán an wò rí. Mo ní kí òbúkọ ní sùúrù. Mo yẹ gbogbo ojú àwọ̀n wò, mo rí ibi tó ti já, mo so ó. Ìgbà yẹn ni mo tó jù ú.

Àwọ̀n hán an. Ẹ̀rín ló ń rín nínú ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ bí i ti parí. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí mo jí, irọ̀rí mi ti yí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló gbà á dúró. Mo rọra gbé e. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé yíká, mo sì pe ọmọ ojú àlá mi ní Àṣàbí.

Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn nínú kóòdù tí mo fi ṣe ìdánwò láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́.