Aṣọ tí Morana Wọ̀ Lọ Sódò

Nígbà tí Drahomíra tú àpò tí ọkọ rẹ̀ gbé wá sí gbọ̀ngàn, ẹ̀wù bàbá àgbà tí eku ti jẹ ló bá níbẹ̀. Ó gbọn àpò náà títí, bí ẹni pé aṣọ a máa sá pamọ́.

"Ctibor! Aṣọ ìyá ìyá mi dà?"

"Àpò méjì ni mo gbé. Mo fún àwọn ọmọge tó ń wọṣọ fún Morana ní ọ̀kan. Ṣé kì í ṣe àkísà ni?"

"Mo gbé!"

Morana ni ère koríko tí wọ́n fi ń ṣe ikú inú òtútù: wọn á gbé e jáde nílùú, wọn á tiná bọ̀ ọ́, wọn á jù ú sódò, kí ooru lè rọ́nà wọlé. Ó pẹ́ tí àwọn ará ìlú Olšinka ti pa àṣà yìí tì. Drahomíra, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jí i dìde, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ẹni tó jí i. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi kọ́ wọn: bí Morana bá ti jáde nílùú, ọwọ́ kankan ò gbọdọ̀ kàn án, bó bá ti wọ omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, yóò fi ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀ pè wọ́n, kí wọ́n má dáhùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń yán ni tíṣà fi kún un.

Lónìí, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti dé. Aṣọ ìbílẹ̀ yẹn, tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ nílùú, ni tíṣà fẹ́ wọ̀ síwájú wọn.

Ó sáré dé orí afárá. Morana wà lórí òpó, ìlẹ̀kẹ̀ èèpo ẹyin lọ́rùn rẹ̀, yẹ̀rì pupa oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ nídìí rẹ̀. Ká sòótọ́, ó bá a mu ju tíṣà lọ. Iná ti ń lá etí yẹ̀rì náà.

Tíṣà nawọ́. Ìyá àgbà Apolena, tó ń ṣáájú èrò, fi ọ̀pá gbá ọwọ́ náà.

"Tíṣà, ṣebí ìwọ lo ní ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án?"

"Aṣọ mi ni, Mama!"

"Tìrẹ? Ẹ gbọ́ o! Aṣọ ìran rẹ̀ ló fi tọrẹ!"

Ni gbogbo èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Kámẹ́rà yíjú sí i. Kí ló kù fún ẹni tí ayé ń wò? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, omijé sì ń dà. Wọ́n ju Morana sómi. Gbogbo wọn kẹ̀yìn sódò, wọ́n forin bọnu, oníkámẹ́rà náà kẹ̀yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bí ojú kankan ò ti sí lára rẹ̀ mọ́, tíṣà bọ́ sódò. Yìnyín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ di omi yẹn. Ó gbá aṣọ náà mú, ṣùgbọ́n omi gbá òun náà mú. Ọwọ́ kan di gbòǹgbò igi mú, ọwọ́ kejì di aṣọ.

"Ẹ gbà mí o! Omi ń gbé mi lọ!"

Orin dá wáí.

"Ẹ má wẹ̀yìn!" Ohùn Apolena nìyẹn. "Òun náà ló ń pè yẹn!"

"Yéè! Ohùn tíṣà gẹ́lẹ́ ló mú!" ni ẹlòmíràn ké.

Wọ́n kọjá lọ kíákíá.

Ctibor nìkan ló dúró. Kò yíjú padà. Ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ létí odò, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fi í wá a kiri nínú afẹ́fẹ́.

"Drahomíra, ṣé ìwọ ni, àbí òun ni?"

Drahomíra wo ara rẹ̀: koríko kún irun rẹ̀, èèpo ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, yẹ̀rì jíjó wà láyà rẹ̀. Gbòǹgbò igi ń já lọ díẹ̀díẹ̀.

Ó jọ̀wọ́ aṣọ, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Èmi ni," ló wí, eyín ń gbá eyín.

Wọ́n jọ gòkè lọ sílé. Drahomíra tó fẹnu ara rẹ̀ hun èèwọ̀ náà kò wẹ̀yìn wo odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.