Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Wọ Dúdú

Tinúadé ti bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀ kó tó rí i pé ìyá ọkọ òun ti jí, tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wo òun.

Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀ láti ìgbà tí Kọ́láolúwa, ọkọ rẹ̀, ti kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti sọ pé ọdún kan gbáko ni yóò fi wọ aṣọ opó. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé jẹ́léósinmi kan ní Okota pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí ẹni tó ń bọ̀ má wọ dúdú o, nítorí àwọn ọmọdé.

"Màámi, ẹ má bínú." Ó fi bùláòsì funfun bo àyà. "Tí mo bá ti dé, màá tún wọ dúdú padà."

Síkẹ́ẹ̀tì búlúù tó ń yọ̀ bọ́ ní ìbàdí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ìyá náà ń wò. Nígbà Kérésìmesì, ńṣe ni síkẹ́ẹ̀tì yẹn há a.

"Wá níbí." Ó yọ píìnì kan lára ìró tirẹ̀, ó ká ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì náà jọ, ó sì fi í há a. "O ti rù jù, Tinú. Tí Kọ́lá bá rí ẹ báyìí, èmi ló máa bá jà."

"Tí àwọn ará ilé bá gbọ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá bá mi. Èmi ni mo bí i."

Ní Okota, ọ̀gá ilé-ìwé náà, Mísíìsì Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aṣọ yín dáa. Ẹ ò mọ iye àwọn tó wọ jíǹsì wá síbí láàárọ̀ yìí."

Ó yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ó ní kó kọ orin ọmọdé kan. Tinúadé kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin náà rí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"A máa ń pẹ́ o. Nígbà míì, ó di aago mẹ́fà ká tó tilẹ̀kùn. Ọkọ yín ò ní bínú?"

Tinúadé la ẹnu. Òótọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí ẹ̀rín yẹn yóò ṣe kú lójú obìnrin náà.

"Kò ní bínú, mà. Kì í bínú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ bá wa kí ọkọ yín o."

"Ó máa gbọ́, mà."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wọ̀ padà, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti ríṣẹ́. Ìdí tí omi fi ń dà lójú rẹ̀ kò yé e títí wọ́n fi sún mọ́ Ìsọlọ̀. Nínú ọ́fíìsì yẹn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Kọ́láolúwa wà láàyè: ó wà nílé, kì í bínú, ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ dé. Bó bá sì di Mọ́ńdè, tàbí ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, òun Tinúadé ni yóò dúró níwájú obìnrin náà, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pa Kọ́láolúwa.