Ilé Gogoro Tí Wọ́n Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tí pátákó kì í gbà. Bí o bá kọ "ààfin" sí ẹnu ọ̀nà ahéré, pátákó náà ò ní já ọ nírọ́. Obìnrin kan tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ mọ èyí dáadáa. Lọ́dún kìíní, jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ sára géètì rẹ̀. Lọ́dún kejì, ó pa á rẹ́, ó kọ Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Àràmàǹdà. Nígbà tó di ọdún kẹta, tó gbọ́ pé àwọn òbí ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń fi Mọntẹsórì, ìyẹn ọ̀nà tí ọmọ fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan, kọ́ ọmọ, ó ra ọ̀dà, ó sì kọ Mọntẹsórì síbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Tíṣà àná náà ni. Ẹgba àná náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ, òun náà kò sì jẹ́ kí ìyẹn gba oorun lójú òun. Àwọn káfíńtà àdúgbò ló sọ ọ́ ní Màmá Onípátákó.

Àmọ́ orúkọ lásán ò kún yàrá. Ó ní láti ní àwọn ohun èlò onígi tí àwọn èèyàn máa ń rí nínú fọ́tò irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ló bá gba ṣọ́ọ̀bù Kò-gbọdọ̀-wọ́ lọ. Káfíńtà ni ọkùnrin yìí, ìwà rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ. Bí ilẹ̀kùn tó kàn bá fi ìwọ̀n irun orí kan ṣoṣo yẹ̀, yóò tú u palẹ̀, yóò tún un kàn, kódà bí oníbàárà bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ìyẹn nípa òun. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á rán an létí.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí i. Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí fún ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà Àgbà, kí ìyá náà tó fẹ̀yìn tì. Igi mẹ́wàá ni, onígun mẹ́rin. Èyí tó kéré jù kò ju orí àtàǹpàkò lọ, èyí tó tóbi jù gba ọwọ́ méjèèjì ọmọdé. Ọmọ á kó wọn wá sórí ẹní ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n léra láti orí ńlá dé orí kékeré, títí yóò fi di ilé gogoro. Bó bá ṣì í, ilé á wó, tàbí kí ojú rẹ̀ rí i pé ó wọ́. Tíṣà ò ní sọ nǹkan kan. Igi ló ń sọ ọ́, ọmọ á sì tú u, á tún un tò. Ìgbà mẹ́ta ni Tíṣà Àgbà dá iṣẹ́ padà fún Kò-gbọdọ̀-wọ́ nítorí pé igi kan fi díẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Káfíńtà, bí igi bá parọ́, ọmọ á máa rò pé òun ló jẹ̀bi." Inú bí Kò-gbọdọ̀-wọ́ nígbà náà, àmọ́ ó tún un ṣe.

Màmá Onípátákó kò dá nǹkan kan padà. Ohun tó wá bẹ̀bẹ̀ fún yàtọ̀.

"Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo fẹ́, kẹ́ ẹ sì kùn ún ní pínǹkì tó máa dán. Àmọ́ ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra."

"Kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kẹ̀, Mà?"

"Káfíńtà, àwọn ọmọ yìí máa ń tú nǹkan ká! Òbí lè yọjú nígbàkigbà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó dúró bó ṣe wà nínú fọ́tò."

Kò-gbọdọ̀-wọ́ rẹ́rìn-ín títí obìnrin náà fi rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ tó gbé wá. Ó lẹ̀ ẹ́. Ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fá a, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì dì í mọ́ra títí ó fi gbẹ. Ilé gogoro náà gún régé. Ó tún lẹ àwọn mìíràn pẹ̀lú, títí kan àwọn igi róbótó tó yẹ kí ọmọ máa yọ nínú ihò, kó sì máa dá wọn padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn òbí ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní àwọn tó kàwé jù ni igi tó lẹ̀ mọ́ra ń tàn jẹ.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dé ilé rẹ̀. Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tó gbé iṣẹ́ náà dé ilé ẹ̀kọ́, ó padà sílé, ó sì fọ́nnu fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò sí yàrá ọmọdé tó lẹ́wà tó ìyẹn nínú gbogbo ìlú. Ó sọ ti ọ̀dà, ó sọ ti pẹpẹ tí wọ́n to àwọn ohun èlò náà sí. Kò sọ ti gọ́ọ̀mù.

Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn. Ó gbà pé ohun tí ọkọ òun bá ti fi rúlà wọ̀n, kò lè yẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin sì ti pé ọdún mẹ́ta. Tú-u-wò ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ní ìdérí tí kì í ṣí. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó ti agolo ìṣó, á sì máa ṣa àwọn tó gùn sọ́tọ̀, àwọn tó kúrú sọ́tọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Irú ọmọ tí Tíṣà Àgbà ì bá fi ọwọ́ méjèèjì gbà nìyẹn.

"Mo ti rí ilé ìwé tí Tú-u-wò máa lọ," ni ìyàwó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ibi tó o ṣe yẹn ni. Mo ti lọ gba fọ́ọ̀mù."

Kò-gbọdọ̀-wọ́ rò ó wò. Bó bá sọ òtítọ́, á jẹ́ pé òun, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọ́, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀tàn. Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná. Ìyàwó ní kí ni wọ́n tún fẹ́ máa wò, ṣebí ọkọ òun ló kan àwọn igi náà.

Ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí wá wo ilé ẹ̀kọ́, ojú Kò-gbọdọ̀-wọ́ rí nǹkan. Gbogbo wọn yọ fóònù, wọ́n ń ya pẹpẹ. Bàbá kan béèrè bóyá kọ̀ǹpútà wà. Ìyá kan béèrè bóyá àwọn ọmọ máa ń ti imú sọ gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn fẹ́ mọ àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn èèyàn tó máa fa okùn aago ọwọ́ wò títí kí wọ́n tó rà á! Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá ní òwúrọ̀ kan péré, kí òun wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí tíṣà ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè bí igi tí ọmọ mẹ́tàdínlógójì ń lò ṣe ń dán bí ẹyin, tí kò sí ibi tó ha lára rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ti fi ojú fóònù rọ́pò tiwọn. Kò-gbọdọ̀-wọ́ pẹ̀gàn wọn nínú ọkàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Tú-u-wò ti yọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ti ń nawọ́ sí ilé gogoro. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mú ọwọ́ rẹ̀.

"Ojú la fi ń wò ó o! Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ lẹ́yìn!"

"Ẹ ò rí i," ni Màmá Onípátákó sọ fún àwọn òbí. "Ọ̀wọ̀ fún àyíká. Ohun tí Mọntẹsórì fi yàtọ̀ nìyẹn."

Ìyàwó Kò-gbọdọ̀-wọ́ mi orí pé òótọ́ ni, ó sì kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Láràárọ̀, Kò-gbọdọ̀-wọ́ ló ń mú ọmọ lọ, tó sì ń kí àwọn ìyá yòókù lẹ́nu géètì.

Kò tó oṣù méjì tí ọmọ fi yí padà. Kò ṣí ìdérí ìkòkò mọ́. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àpótí, á káwọ́ sẹ́yìn, á sì máa wo agolo ìṣó. Bó bá fẹ́ mu omi, á béèrè, "Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?" Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá kí wọn, ó rí ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ọmọ tó ń tú ilé tẹ́lẹ̀!" Báwọn àgbà kan ṣe rí nìyẹn: bí ọmọ bá ti dà bí àga, wọ́n á ní ó ti gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ìdè fèrèsé kan já ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Kò-gbọdọ̀-wọ́. Ojú fèrèsé ló dúró sí tó ń tún un ṣe, ó sì rí gbogbo yàrá. Àwọn ọmọ tò lórí àga bí èrò ọkọ̀, wọ́n ń ké A, B, D tẹ̀lé àǹtí. Pẹpẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo nǹkan tó wà lórí rẹ̀ ń dán. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n jẹun, Tú-u-wò rọra dìde. Ó lọ síbi ilé gogoro, ó di èyí tó kéré jù lókè mú, ó fà á. Kò wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kò wá. Ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò ó pẹ́, ó wá káwọ́ sẹ́yìn, ó padà sórí àga rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Dádì, ọwọ́ mi ò dáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo fà á, kò tú. Àǹtí ní àwọn ọmọ tó gbọ́n nìkan ló lè ṣe é."

Kò-gbọdọ̀-wọ́ mú ọmọ délé, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ méjì ni kò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó gé igi mẹ́wàá, ó fá wọn, kò kùn wọ́n, kò lẹ ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó tò wọ́n kalẹ̀ níwájú ọmọ.

Tú-u-wò wò wọ́n. Ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Gbé e, ọmọ mi. Tìẹ ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ni ọmọ wí. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú igi náà, ó gbé e lé èkejì, ó sì tún gbé e kúrò.

"Irú èyí tó wà níléèwé wọn kọ́ nìyí? Kí ló dé tó fi ń bẹ̀rù ẹ̀?"

Kò-gbọdọ̀-wọ́ sọ ọ́. Ó sọ ti gọ́ọ̀mù, ó sọ ti ẹ̀rín tó rín, ó sọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé ìyàwó máa pariwo. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fa ọmọ mọ́ra.

"Nígbà tó ò ń lẹ̀ ẹ́," ló wí, "ọmọ ta lo rò pé ó máa fà á?"

Kò-gbọdọ̀-wọ́ kò parọ́ fún un.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Ìyàwó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀la ni ọmọ mi máa kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ó ku mẹ́tàdínlógójì. Ìwọ lo máa dúró lẹ́nu géètì, wàá sọ fún ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó lọ. Ó dúró lábẹ́ pátákó ńlá náà ní àárọ̀ kùtùkùtù, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tó máa wà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin káwọ́ sẹ́yìn bó ṣe ń rìn. Obìnrin náà kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Káfíńtà wa." Kò-gbọdọ̀-wọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fo nǹkan kan. Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó ká sẹ́yìn, ó wá gbójú sókè wo ọkùnrin náà.

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí," ló wí, "ẹ sì ń kí wa láràárọ̀?"