Àmì Aláwọ̀ Ewé Tí Kì í Kú

Bí ìfẹ́ bá wọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lára tán, orin ni wọ́n máa ń kọ. Ẹlẹ́yẹ ní tirẹ̀ kò mọ orin-ín kọ. Ètò kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n kọ, òun náà ló sì fi ṣe orin.

Kì í ṣe Ẹlẹ́yẹ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un lórúkọ náà, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí wọ́n sì ń bá èèyàn tẹ̀wé, torí ẹyẹ dúdú oníkùn funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹyẹ yẹn ni àmì Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ẹlẹ́yẹ ti tú tirẹ̀, ó ti tún un tò títí kò fi jọ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù bí oòrùn bá ti ń kúrò lójú fèrèsé. Ó ṣe òmíràn tó máa ń rẹ orin sílẹ̀ bí fóònù rẹ̀ bá dún. Ó tiẹ̀ ṣe ọ̀kan tó máa ń kí i ní òwúrọ̀, tó sì ń bi í bóyá ó sùn dáadáa.

"Ẹlẹ́yẹ," ọ̀gá rẹ̀ á ní, "ìgbà wo la máa wá bá ọ gbé kọ̀ǹpútà yìí níyàwó?"

"Ẹ má ṣèyọnu, ọ̀gá. Mo ti lẹ́ni."

Òótọ́ ni, ó ti lẹ́ni. Adúmáadán ló ń pè é, ọmọbìnrin tó dúdú tó ń dán, tó ń yàwòrán ilé jẹun. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti darúgbó ló gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé. Ó ní bí òun bá tàn án, òun lè wẹ̀ kí òun sì para kó tó ṣí. Ẹlẹ́yẹ fi Línúùsì sí i. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà wá, tó tàn án, tó rí i pé ó ti ṣí kí òun tó fìdí kan àga, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ti Ẹlẹ́yẹ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ra wọn débi pé bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á ní pẹ̀lẹ́. Àfi bí iṣẹ́ ṣe dé láti ìlú tó jìnnà, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ilé alájà gíga, irú iṣẹ́ tí èèyàn kì í kọ̀. Kí Adúmáadán tó lọ, Ẹlẹ́yẹ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi irinṣẹ́ kékeré kan sí i, ó sì fi èkejì irinṣẹ́ náà sínú tirẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi tó wà lọ́hùn-ún, àmì róbótó kan á di aláwọ̀ ewé ní igun ojú kọ̀ǹpútà Ẹlẹ́yẹ, tútù yọ̀yọ̀. Bó bá pa á, àmì á di aláwọ̀ eérú.

"Ní gbogbo ìgbà tó bá ti tutù," Ẹlẹ́yẹ sọ fún un, "màá mọ̀ pé o jókòó síbẹ̀. Á dà bí ẹni pé a jọ wà nínú yàrá kan náà."

Adúmáadán wò ó títí. "Ìwọ náà nìkan ló lè ronú kan irú èyí, Ìfẹ́ mi," ó ní, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́yẹ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti bi í pé ṣé ó ti jẹun, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ á tán, wọ́n á wá máa gbọ́ èémí ara wọn. Àmì náà kò nílò ọ̀rọ̀. Bí Ẹlẹ́yẹ bá ti gbójú sókè láti ibi iṣẹ́, tó rí i tó tutù, inú rẹ̀ á dùn ṣìnkìn, á wá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó fi ìpè sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí ló ń fi ránṣẹ́: "Mo rí ọ o, òṣìṣẹ́ bí aago." Tàbí, "Mo ń wò ọ́. Rọra o."

Lẹ́yìn náà ni àmì yẹn wá ń tutù láàárọ̀, ó ń tutù lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń ṣú, ó ṣì ń tutù. Àánú Adúmáadán ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé fún un, wọn ò jẹ́ kó sinmi. Èsì ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ kúrú sí i, ó di "O ṣé," lẹ́yìn náà kò tiẹ̀ wá mọ́. Ẹlẹ́yẹ sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á jẹ́ kó ríbi ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n náà, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Báwo ni ìyàwó wa?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó, ó wà nídìí iṣẹ́." Ó nawọ́ sí àmì náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó wà nídìí iṣẹ́ láàárọ̀ tí mo ń gbálẹ̀. Ṣé kì í sùn ni?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"O pè é?"

"Mi ò fẹ́ da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Hẹn-ẹn. Ó dáa. Bá mi bi àmì yẹn léèrè bóyá ìyàwó wa ti jẹun, kó o sì bi í bóyá ó ṣì rántí ìrísí rẹ." Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń sọ gbà-gbà-gbà lọ. Ẹlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

Ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan wà tó ń tẹ̀wé, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń pe ẹ̀ka wọn tó wà lódìkejì ìlú láti mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ibẹ̀ wà ní títàn, kó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó rí àmì Ẹlẹ́yẹ, ó sì ní kó ṣe irú rẹ̀ fún òun. Kíá ni Ẹlẹ́yẹ ṣe é: irinṣẹ́ kan náà, àmì kan náà. Àǹtí dúpẹ́, ó ní fóònù òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ọ̀gá wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó fi ọ̀rá wé láti òkè délẹ̀. Òrùlé ẹ̀ka kejì ló ń jò. Ó ní bí òun ṣe rí omi tó ń kán lé e lórí, ńṣe lòun fa wáyà rẹ̀ tu, tí òun gbé e sá. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Àǹtí.

Àǹtí wo kọ̀ǹpútà nílẹ̀, ó wo ojú ti ara rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Ẹ̀rín pa á.

"Ẹlẹ́yẹ, máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí, irinṣẹ́ rẹ ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lódìkejì ìlú. Wò ó bó ṣe tutù. Ṣé iwin rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni?"

Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. "Irú òṣìṣẹ́ tí mo ń wá rèé. A gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ẹlẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́yìn Àǹtí, ó ń wo àmì yẹn. Ó rọra padà sí àyè rẹ̀. Ó ṣí inú irinṣẹ́ náà, ó ń ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti òkè wálẹ̀, títí ó fi dé ibi tó ń wá.

Nígbà tí Adúmáadán ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì ìlú tó lọ máa ń já. Bó bá ti já báyìí, àmì á di eérú, àyà Ẹlẹ́yẹ á sì já pẹ̀lú rẹ̀. Á tún tutù, á tún di eérú, kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fi ìlà kan kún un: bí ìròyìn kankan kò bá dé, fi àmì sílẹ̀ bó ṣe wà. Àfi bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá dágbére fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ kú ni àmì tó lè di eérú. Ìlà yẹn fún un lálàáfíà. Ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ó kọ́ bó ṣe lè bi irinṣẹ́ náà léèrè ìgbà tó gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà Adúmáadán kẹ́yìn. Ìdáhùn tó jáde, ó kà á, ó tún un kà. Ó ti pẹ́ gan-an. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà nígbà yẹn. Gbogbo "mo rí ọ" tó ti ń fi ránṣẹ́, gbogbo "mo ń wò ọ́," kò sẹ́ni tó ń wò.

Ó jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kó páálí sí, ó sì pè é. Fóònù dún títí ó fi rò pé kò ní gbé e.

"Ẹlẹ́yẹ," ohùn náà ní.

Kò pè é ní Ìfẹ́ mi. Ẹlẹ́yẹ ló pè é, bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é.

"Adúmáadán. Kọ̀ǹpútà rẹ dà?"

"Ohun tó o pè mí fún nìyẹn?"

"Jọ̀ọ́, sọ fún mi."

"Ó wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n fún wa ní tuntun níbi iṣẹ́. Bátìrì tèmi ti kú, mo kàn fa wáyà rẹ̀ yọ, mo gbé e síbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní yóò rí i pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́, àyà rẹ̀ á já, á pè mí. Mo gbé fóònù dání dé inú ilé ìwẹ̀."

Ẹlẹ́yẹ fara ti ògiri.

"O ò pè. Ó di ọjọ́ kejì, o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé o rí mi. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ọ̀rọ̀ rẹ. O tún fi òmíràn ránṣẹ́, o ní ò ń wò mí. Mo ní, áà, ṣé báyìí ló ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí? Pé kì í tiẹ̀ yọjú wò, ẹnu lásán ló fi ń bá mi ṣe é?"

"Mò ń wò ó," Ẹlẹ́yẹ ní. "Mo fi ayé mi búra. Kò sọ́jọ́ tí mi ò wò ó. Irinṣẹ́ náà ló ní àṣìṣe, èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí kí àyà mi má bàa máa já." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ń tú jáde wìtìwìtì: òrùlé tó jò, kọ̀ǹpútà inú ọ̀rá, ìlà kan ṣoṣo.

Adúmáadán gbọ́ ọ dópin. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó rẹ̀. "Nítorí náà, lójoojúmọ́ lò ń wò."

"Lójoojúmọ́."

"Kí lò ń wò?"

Ẹlẹ́yẹ fi ẹsẹ̀ ti páálí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ọmọbìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìwọ kì í purọ́. Àmọ́ mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti sun ún tán. Mi ò bínú sí ọ mọ́. Ìgbà tí mo ṣì ń bínú ló yẹ kó o pè."

"Ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe?"

"Má ṣe nǹkan kan, Ẹlẹ́yẹ. Ṣíṣe nǹkan náà ló gbé wa débí." Ẹnìkan pè é lẹ́yìn, ó dáhùn pé òun ń bọ̀. "Wọ́n ń dúró dè mí. Jọ̀ọ́, bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ."

Fóònù dákẹ́. Ó dúró láàárín páálí títí ọ̀gá fi fi igbe pè é pé oníbàárà dé.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìbọ́ bàtà. Àmì náà tutù yọ̀yọ̀ ní igun rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó lè tún un ṣe, kò le rárá: ìlà kan ló máa yọ, àmì á di eérú, á sì máa wà bẹ́ẹ̀. Kò yọ ìlà náà. Ó kọ àṣẹ tó máa pa gbogbo irinṣẹ́ náà rẹ́, ìka rẹ̀ sì dúró lórí bọ́tìnnì. Bó ṣe to Línúùsì rẹ̀ yìí, kì í bi èèyàn bóyá ó dá a lójú. Ohun tó o bá ní kó ṣe, ó ti ṣe é nìyẹn. Ó tẹ ẹ́. Igun ibẹ̀ ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n," ó pe ìyẹn ní pálọ̀, "mo pè é lónìí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Mo ṣọpẹ́. Kí ni ìyàwó wa wí?"

Ẹlẹ́yẹ tẹ̀ba, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ó ní kí n kí yín," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó sì pẹ́ gan-an kí ẹ̀rọ náà tó tún dún.