Ọwọ́ Wo Ló Ń Yí Sí?

"Ọwọ́ òsì ló ń yí sí!"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣé ojú lẹ fi wò ó ni àbí imú?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti ń gùn jù. Mo ní ọwọ́ òsì!"

Òbìrìkìtì kékeré kan tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà ni onígbàjámọ̀ àti àbúrò ẹ̀ ń torí ẹ̀ jà bí ẹni ń pín ogún. Kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì, kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó kan onígbàjámọ̀ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ṣọ́ọ̀bù nínú ilé ọjà tuntun. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù ń parí, aago mọ́kànlá ààbọ̀ sì ti lù. Ṣọ́ọ̀bù tó ń lò lọ́wọ́, bí òjò bá rọ̀, orí oníbàárà á ti rin gbingbin kí onígbàjámọ̀ tó bu omi sí i.

Àbúrò ẹ̀ ló ń tẹ ìwé tó sì ń ya fọ́tò fún aráàlú nínú yàrá kan lẹ́bàá títì. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti darúgbó. Tó bá tàn án láàárọ̀, á lọ wẹ̀, á jẹun, á kí gbogbo àdúgbò, kó tó padà dé, ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì ń yán.

Ìyẹn ò burú, àmọ́ onígbàjámọ̀ ò lè dúró. Tó bá tẹ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣí, á tún un tẹ̀, á tún un tẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn adití. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kọ̀ǹpútà ti fún un lésì kan náà: "Àkókò ìdúró ti tán. Ẹni tí à ń pè kò dáhùn."

"Bọ̀ọ̀dá mi, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìránṣẹ́ kan lẹ rán níṣẹ́ yẹn," àbúrò ẹ̀ ní. "Kó tó wọ ṣòkòtò tán, ẹ tún rán òmíràn. Méjìdínlógún ló ti há sẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ta ló máa wá ráyè jáde nínú wọn? Ṣé àkókò ìdúró ò ní tán ni?"

Àbúrò bá pa gbogbo èyí tó ti há dé, ó tẹ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá dojú àga ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ ògiri. "Ẹ má yíjú o. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Onígbàjámọ̀ jókòó bí ẹni tó jalè. Dígí wà lára ògiri níwájú ẹ̀, èyí táwọn tó bá wá ya fọ́tò fi ń tún ara ṣe. Inú dígí yìí ló ti tajú kán rí òbìrìkìtì, tó ní, "Wò ó bó ṣe ń yí sọ́wọ́ òsì." Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Àwọn méjèèjì ò mọ̀.

"Jáde síta, jẹ́ kí n fà á fún ẹ!"

Wọ́n jáde. Onígbàjámọ̀ fi igi fa òbìrìkìtì sórí ilẹ̀, àbúrò ẹ̀ fẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó fa tiẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kò yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ẹ̀ pòòyì sápá òsì. Àbúrò ẹ̀ náà ń pòòyì sápá ọ̀tún. Òòyì kọ́ wọn, wọ́n forí gbárí. Ajá kan tó ń kọjá dúró wò wọ́n, ó rò ó, ó gba ọ̀nà mìíràn.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ya wèrè yìí, kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Màmá wọn, tó jókòó sínú yàrá tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, gbójú sókè. Fọ́ọ̀mù ti là sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ̀yin wèrè méjì! Ó ti ṣí o!"

Wọ́n sáré wọlé, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà bí ìránṣẹ́. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àbúrò tẹ orúkọ, ó tẹ iṣẹ́, ó fi ránṣẹ́. Òbìrìkìtì tún padà dé.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún onígbàjámọ̀. Kó ṣáà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi ràn án lọ́wọ́! Àmọ́ ó rántí òjò tó ń jò sórí àwọn oníbàárà ẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn, ó di ojú pinpin. Àwọn ìka ń ta pútúpútú lábẹ́ ẹ̀ bí ẹja. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ku méjì.

"Wọ́n ti gbà á! Ṣọ́ọ̀bù kẹtàdínlógún ni tiyín!"

Màmá ju ẹ̀wù nù, ó jó. Àbúrò dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ kú oríire, Bọ̀ọ̀dá mi. Àmọ́ ẹ ti wá rí i báyìí? Ọwọ́ ọ̀tún ló yí sí."

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo dijú."

"Ọmọ mi," Màmá ní, "inú dígí lo ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Dígí ló yí i sósì fún ẹ."

"Màmá, ogún ọdún ni mo ti ń wo dígí gẹ irun! Ṣé mo gé etí ẹnikẹ́ni rí?"

"Ti ọkọ àǹtí ẹ ńkọ́?"

"Òun ló mi orí!"

Ó dìde, ó gbọn aṣọ. "Ẹ̀yin ẹ máa wo ayé láìní dígí. Ó máa yé yín lọ́jọ́ kan."

Ó yan jáde bí ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù méjì. Nígbà tó dé ìdí òbìrìkìtì tí wọ́n fà sórí ilẹ̀, ó wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n ń wo òun, ó yí i po sápá òsì lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tiẹ̀ lọ.