Ìyípo Mẹ́sàn-án

"Tú u padà kí wọ́n tó dé!"

Bàtà dídán ọ̀gá nìkan ni mẹkáníìkì ń rí láti abẹ́ píkọ́ọ̀pù tó rún wómúwómú náà, tí wọ́n fi jáàkì gbé dúró nínú ọgbà iléeṣẹ́. Ó fi sípánà kọ́ orí bóòtù, ṣùgbọ́n kò yí i. Bóòtù yìí ló ń lọ́ ọ̀pá irin gígùn tó gbé iwájú ọkọ̀ ró. Bí èèyàn bá ṣe ń dè é sí i ni iwájú ọkọ̀ ń ga sí i. Ní oṣù tó kọjá, ìyípo mẹ́ta ló fún un lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní ó tó. Ọ̀gá ní kò tó, òun fẹ́ kó gbérí sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ.

"Ọ̀gá, oríkèé tó so táyà mọ́ ọkọ̀ ti nà tán o."

"Ṣé ìwọ lo ra ọkọ̀ ni?"

Ó yí i dé mẹ́sàn-án. Nígbà tí dírẹ́bà wá ráhùn pé irin ń gbá irin bí òun bá ti ko kòtò pẹ́nrẹ́n, ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé tìmùtìmù lo pè é ni?" Ọjọ́ kẹrin rèé tí oríkèé ọ̀tún já lórí afárá. Dírẹ́bà náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, kò délé mọ́.

"Bí wọ́n bá bi ọ́," ni ọ̀gá wí, "eré àsápajúdé ló sá. Òkú kì í jẹ́rìí. Àbí ọwọ́ ta ló de bóòtù? Ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú."

Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Láàárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lápá mú: "Wọ́n ní eré ni ọkọ mi sá. Ọkọ mi, tí kẹ̀kẹ́ ń yà sílẹ̀! Àbúrò mi, ìwọ lo mọ ọkọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó dáhùn pé òun kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ṣí géètì. Obìnrin ayẹ̀kọ̀wò ìjọba kan wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló mọ ọkọ̀ yìí jù níbí?"

"Èmi ni o," ni ọ̀gá sáré wí.

Mẹkáníìkì yọ sípánà, ó rá jáde, ó dìde.

"Èmi ni, mà. Ọ̀gá ló ní kí n gbé iwájú rẹ̀ ga kọjá ààlà, ọwọ́ mi ló sì ṣe é. Dírẹ́bà kò jẹ̀bi. Ẹ tẹ̀ba, ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá pòṣé. Ayẹ̀kọ̀wò ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ dákun, mà," ni mẹkáníìkì wí, ó sì fa fóònù yọ lápò, "ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ná. Ẹnu mi ló ti yẹ kó gbọ́ ọ."