Iwin Ọ̀nà Kuta àti Ọmọ Ẹ̀yìn Tinúọlá

Tinúọlá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọ̀sán gangan ni, ó ti hú ẹ̀gẹ́ tán lóko ọkọ rẹ̀ lọ́nà Kuta, ó pọn ọmọ rẹ̀ tó sùn sábẹ́ igi, ó wá ṣe ohun tí abiyamọ ń ṣe kí ẹ̀mí ọmọ má baà ṣẹ́kù sóko. Ó pè é pé, "Ẹ̀ríolúwa, ilé yá o." Ta ló ní kó lọgun tó bẹ́ẹ̀? Iwin inú òkìtì ọ̀gán kan létí oko gbọ́ orúkọ ọmọ, ó sì jáde.

"Ẹ̀ríolúwa," ni iwin wí, "sọ̀ kalẹ̀, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Tinúọlá kò wẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láàárọ̀, Àtọ́kẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, ti fún un ní èkùrọ́ kan àti omi inú ọ̀rá. "Bí nǹkan bá lé ọ, jù wọ́n sẹ́yìn." Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Tinúọlá, kí ilé lè tòrò ló ṣe gbà á.

Ó ju èkùrọ́. Igbó ọ̀pẹ hù lójú ẹsẹ̀, ó dí bí irun tí a kò yà rí. Iwin ń fi eyín já ẹ̀gún, ó ń bọ̀. Tinúọlá ya ọ̀rá omi, ó dà á sẹ́yìn, odò ńlá sì là wọ́n láàárín. Iwin kò mọ odò wẹ̀.

Ẹ ó rò pé ó tán. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà mí. Iwin dúró lódìkejì, ó ń pe orúkọ náà lápètúnpè, ọmọ sì ń nàgà sẹ́yìn, ọ̀já ń tú. Apá Tinúọlá kò ká a mọ́. Ó ń sunkún.

Ó wá rántí pé ìyàwó ilé lòun, ìyàwó ló sì ń ki ọmọ ilé ọkọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀:

"Àkànní, ọmọ Ògúnkúnlé,
ọmọ àgbẹ̀ tí í kí ilẹ̀ kó tó gbé ọkọ́."

Ọmọ kò nàgà mọ́, ó tẹ́tí. Ni iwin náà bá ń sín in jẹ: "Àkànní, ọmọ Ògúnkúnlé, ọmọ àgbẹ̀ tí í kí ilẹ̀ kó tó gbé ọkọ́..." Ó dúró. Kò mọ èyí tó kàn.

"Máa kì í lọ," ni Tinúọlá wí. "Ṣebí ọmọ rẹ ni."

Iwin pẹ̀yìn dà, ó gba inú igbó ọ̀pẹ padà sínú òkìtì rẹ̀. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ó di ìyá rẹ̀ mú. Tinúọlá so ọ̀já le, ó ń kì í lọ lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà ń dúró wò ó. Kò tíì kì í dé orí baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n fi délé ní Ìwó.